Sítíárìn Ìjàpá Bàbá Àgbà

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé ẹsẹ̀ mi kò lè dé orí búréèkì, mo ti ń wa ọkọ̀. Ọkọ̀ náà kì í lọ síbì kankan. Ìjàpá ni, ọkọ̀ kékeré tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, tí ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ yóò rántí dáadáa. Bàbá àgbà mi, tí wọ́n jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ni wọ́n ni ín. Nígbà tí wọ́n kú, ọkọ̀ náà dúró sí ẹ̀gbẹ́ ilé wa ní Ìkẹ́rẹ́, adìẹ kan sì ń yé ẹyin sórí àga ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà Oǹdó ṣì wà lára rẹ̀.

Èmi ni dírẹ́bà. Táyọ̀, àbúrò mi ọkùnrin, ni kọ̀ńdọ́. Yóò rọ̀ mọ́ fèrèsé, yóò máa pariwo pé, "Ìsẹ̀, Èmùré! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì rẹ o!" Adìẹ yẹn nìkan ni èrò tí a máa ń rí gbé, kò sì sanwó rí. Òórùn inú ọkọ̀ náà kò tíì kúrò nímú mi: ìgbẹ́ adìẹ, epo ọkọ̀, àti àga aláwọ tí oòrùn ti yan. Ìyá mi máa ń pè wá jẹ iṣu sísun àti epo pupa, a ó sì máa dáhùn pé a kò tíì dé Èmùré.

Lọ́jọ́ kan, Táyọ̀ kígbe pé ewúrẹ́ wà lójú ọ̀nà. Mo fi gbogbo agbára yí sítíárìn, ó sì kán. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi. Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà wò lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣaájú ọjọ́ yẹn, oòrùn ti la rọ́bà dúdú náà débi pé èékánná lè wọ inú rẹ̀, nítorí náà mi ò lè sọ pé èmi nìkan ni mo kán an. Ohun tó dá mi lójú ni pé ọwọ́ mi ló wà nígbà tó kán.

Bàbá mi, tí wọ́n ń kọ́ni ní ìṣirò, ní kí n kúnlẹ̀ kí n káwọ́ sókè. Ẹ̀yin náà mọ ìyà yẹn: apá á kọ́kọ́ wúwo, lẹ́yìn náà á máa gbọ̀n, ẹni tó ń kọjá lọ á sì máa béèrè ohun tí o ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n ní, "Ìwọ lo máa bá mi tún un ṣe."

Wọn kì bá tí yára tún un ṣe, bí kì í bá ṣe ti Màmá Àgbà. Màmá Àgbà, ìyá bàbá mi, jẹ́ ọmọ Èmùré. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin wà níbẹ̀, tí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n lè jáde nílé mọ́. Màmá Àgbà kì í gun ọ̀kadà, bẹ́ẹ̀ ni èébì máa ń gbé wọn nínú takisí tí wọ́n bá fún èèyàn mẹ́rin mọ́ ẹ̀yìn. Àga iwájú ìjàpá yìí nìkan ni wọ́n ń jókòó sí lọ sí Èmùré. Láti ìgbà tí bàbá àgbà ti kú, àwọn tẹ̀gbọ́n tàbúrò náà kò tíì fojú kan ara wọn.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí a ń pè ní Bàbá Adó nítorí pé Adó ni wọ́n ń gbé, tí ìwé ọkọ̀ náà sì wà lọ́wọ́ wọn, wá kí wa lọ́sẹ̀ yẹn. Inú ìjàpá yìí ni bàbá àgbà ti kọ́ wọn ní ọkọ̀ wíwà nígbà ọ̀dọ́ wọn. Wọ́n wo sítíárìn tó kán, wọ́n wo adìẹ, wọ́n ní, "Ilé adìẹ ni ẹ fi ọkọ̀ ṣe. Àwọn tó ń ra irin àlòkù ti bá mi sọ̀rọ̀. N óò tà á."

Bàbá mi ní, "Ẹ ṣe sùúrù títí di Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, Bùọ̀dá. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Sítíárìn nìkan ló kù."

"Ó dáa. Tó bá gbé Màmá dé Èmùré, tó sì gbé wọn padà lọ́jọ́ náà, n óò gbé ìwé ọkọ̀ fún ọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ẹnikẹ́ni má sunkún sí mi lára o."

Màmá Àgbà ń ṣa ẹ̀wà nítòsí. Wọn kò gbójú sókè.

Bàbá mi wá sítíárìn tuntun títí, agbára wọn kò ká a. Èyí tí wọ́n rí gbé wálé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tú ògbólógbòó ọkọ̀ ní Adó jẹ́ ti ìjàpá mìíràn, onígi. Ìdí tó fi rọjú kò farasin: fáníìṣì rẹ̀ ti bó, ìdọ̀tí ọwọ́ àwọn tí a kò mọ̀ ti dì mọ́ ọn, igi rẹ̀ sì là níbi kan. Ìyá mi ní ó dà bí ọmọrogùn tí wọ́n tẹ̀ po.

Ìyà mi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Tí mo bá ti ilé-ìwé dé, tí mo jẹun tán, sítíárìn ló kàn. A kọ́kọ́ fi kẹrosíìnì nu ìdọ̀tí rẹ̀ kúrò. Bàbá mi kó lẹ́búlẹ́bú pákó wá láti ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú, wọ́n pò ó mọ́ gọ́ọ̀mù káfíńtà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ibi tó là, wọ́n sì fi okùn dì í mọ́jú. Lẹ́yìn náà ni pépà tí a fi ń ha igi. Èyí tó rí ṣákaṣàka ni mo kọ́kọ́ lò, lẹ́yìn náà èyí tó kúnná. Bàbá mi kìlọ̀ pé kí n máa bá ojú igi lọ, kí n má ṣe ha á ní ìbú. Mo ha á ní ìbú lọ́jọ́ tí inú bí mi, ó sì gba ọjọ́ méjì kí àpá pépà tó parẹ́. Àtàǹpàkò mi bó. Mi ò ní sọ pé mo gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, mo máa ń pa ojú dé, mo máa ń fi ọwọ́ yí i ká, n óò sì mọ ibi tí kò tíì dán.

Fáníìṣì àkọ́kọ́ bàjẹ́. Òjò ṣú lẹ́yìn tí a kùn ún tán, ọ̀rinrin mú un, ó sì funfun bí ojú arúgbó. A ha gbogbo rẹ̀ kúrò. Lẹ́ẹ̀kejì, inú pálọ̀ ni a so ó rọ̀ sí, lára ìkọ́ fáànù, nítorí iná kò sí lọ́nàkọnà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a kùn ún, tí a ń fi pépà kíkúnná fọwọ́ bà á láàárín. Nígbà tó gbẹ, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ìlà igi sì hàn nínú rẹ̀. Màmá Àgbà fi èékánná kan kàn án, wọ́n ní, "Ó jọ inú ulé olówó," wọ́n sì padà sídìí iṣẹ́ wọn.

Ọjọ́ Sátidé Àjíǹde ni a dè é. Ibi yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Ẹ̀gbẹ́ àpáta ni àdúgbò wa wà, kò sì sí ẹni tó ń gbẹ́kẹ̀ lé búréèkì ọwọ́ nìkan. Tí o bá ti páàkì, o máa yí táyà iwájú kó fara ti òkúta. A ti mọ́ ọn lára débi pé a kì í rí i mọ́. Bí ìjàpá ṣe wà nìyẹn. Bàbá mi fi sípánà ńlá tú nọ́ọ̀tì àárín, wọ́n fa ti àtijọ́ yọ. Orí irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní eyín wẹ́wẹ́ yí ká, sítíárìn sì lè wọ ọ́ ní ìdúró tó bá wu èèyàn. Bàbá mi gbé tuntun lé e, wọ́n wò ó lókèèrè, wọ́n rí i pé ó gún régé, wọ́n dè é. Ẹ̀gbẹ́ táyà gan-an ni mo jókòó sí, mo fi ìdérí agolo mílíìkì tọ́jú nọ́ọ̀tì. Tí mo bá sọ pé mo rí àṣìṣe náà, irọ́ ni. Mo rí táyà, mo rí òkúta, mi ò so méjèèjì pọ̀.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, Bàbá Adó ti dé. Màmá Àgbà wọ àga iwájú, wọ́n gbé kúlà iyán sórí itan. Èmi àti Táyọ̀ wà lẹ́yìn, a ti lé adìẹ. Bàbá mi wa ọkọ̀ sẹ́yìn kúrò lára òkúta, wọ́n yí ojú ọkọ̀ sí ọ̀nà, ọkọ̀ kọ iwájú gbọọrọ. Sítíárìn kò kọ iwájú. Ó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tí ọrùn ń dùn.

Bàbá Adó bẹ̀rẹ̀ sójú fèrèsé. "Kí lèyí? Ọkọ̀ ń wo Adó, sítíárìn ń wo Àkúrẹ́! O fẹ́ gbé ìyá mi sínú èyí?"

Bàbá mi na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́. Wọ́n fẹ́ pa ẹ́ńjìnnì.

Màmá Àgbà ń tún ìdérí kúlà ṣe. Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe wọ́ nígbà ayé bàbá yín. Àbí ẹ ti gbàgbé? Wakọ̀, jàre, iyán ń tutù."

Bàbá Adó la ẹnu. Wọ́n wo sítíárìn, wọ́n wo ìyá wọn. Wọ́n ní, "Òótọ́ ni, Màmá," wọ́n sì yẹ̀ kúrò lọ́nà.

A dé Èmùré. Àwọn arúgbó méjì náà di ọwọ́ ara wọn mú títí a fi jẹun tán. Nígbà tí a padà délé lọ́sàn-án, Bàbá Adó ti lọ. Ìwé ọkọ̀ wà lórí tábìlì, agolo mílíìkì wà lórí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé e. Ọdún mẹ́rin ni Màmá Àgbà tún fi lọ sí Èmùré nínú ọkọ̀ yẹn, títí ẹ̀gbọ́n wọn fi kú.

Mo parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ láìpẹ́ yìí, mo sì wálé. Màmá Àgbà kò sí mọ́, ṣùgbọ́n ìjàpá wà, sítíárìn rẹ̀ ṣì wọ́. Mo sọ fún bàbá mi pé iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni láti tọ́ ọ. Wọ́n ní kí n tú u tó bá wù mí. Mo kọ́kọ́ jẹ́ kí táyà méjèèjì kọ iwájú. Nígbà tí mo fa sítíárìn yọ, mo rí àmì kan lórí irin, tí ẹnì kan ti fi fáìlì tí a fi ń pọ́n àdá ha síbẹ̀ nígbà láéláé. Mo lọ wá èyí tó kán nínú yàrá ẹrù. Àmì kan náà wà lára rẹ̀. Mo gbé èyí tó kán lé irin, mo fi àmì kan àmì. Ó gún régé, kò wọ́ rárá.

Nítorí náà, sítíárìn bàbá àgbà kò wọ́ rí. Màmá Àgbà mọ̀. Bàbá mi mọ̀, nítorí wọ́n ti jókòó nínú ọkọ̀ náà láti kékeré. Bàbá Adó, tó kọ́ ọkọ̀ wíwà lórí rẹ̀, mọ̀ ju gbogbo wọn lọ.

Nígbà tí mo wẹ̀yìn, bàbá mi dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wò mí.

"O ti rí i?"

"Mo ti rí i, sà."

Wọ́n wọlé lọ.

Lóde òní, èèyàn lè fi fóònù ra sítíárìn, ìwé tó bá a wá yóò sì kọ́kọ́ sọ fún un pé kí táyà kọ iwájú. Tí ìyá kan bá ní bí nǹkan ṣe rí láyé àtijọ́ nìyí, ọmọ rẹ̀ kan yóò yọ fọ́tò jáde. Mi ò sọ pé èyí kò dára, èmi fúnra mi máa ń yọ fọ́tò. Ní tiwa, ẹ̀rí wà lábẹ́ nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, àwọn àgbà mẹ́ta mọ ohun tí yóò sọ, kò sì sí ẹni tó mú sípánà.

Mo dá sítíárìn onígi padà sí bó ṣe wà, ní wíwọ́, mo sì dè é le.