Àmì Kékeré Abẹ́ Lẹ́tà

Èmi kì í ṣe ẹlẹ́gbẹ́. Ní Accra níbí, ẹni tí kò bá sí nínú ẹgbẹ́ ìsìnkú á wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, tàbí ti àwọn tó jọ kàwé, tàbí kó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí wọ́n bá ní kí n wá, wọ́n á tún pa òwe lé e, pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Màá ní ọwọ́ mi méjèèjì ti tó mi í fi sọ àyà tèmi. Ọkọ mi máa ń sọ pé ìgbéraga ni. Irọ́ ni, àárẹ̀ ni. Ìpàdé ọ́fíìsì ni mo fi gbogbo ọdún iṣẹ́ mi jókòó sí, nígbà tí mo sì fẹ̀yìn tì, mi ò fẹ́ gbọ́ kí ẹnikẹ́ni tún sọ fún mi pé "ẹ jẹ́ ká fi àdúrà bẹ̀rẹ̀."

Ìyá mi ló sọ mí di ẹlẹ́gbẹ́.

Àdúgbò Sabon Zongo ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà sì ni ìyá mi ti ta aṣọ títí àìsàn fi mú ojú rẹ̀ lọ. Nígbà tó di pé òjìji nìkan ló ń rí, a mú un wá sílé wa ní Kokomlemle. Kò fẹ́ wá. Ní Sabon Zongo, ó mọ gbogbo ògiri, ó mọ ibi tí gọ́tà wà, ó mọ ohùn obìnrin tó ń ta waakye láàárọ̀. Nílé tiwa, ilẹ̀kùn mẹ́ta tó jọra ló tò sí ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀dẹ̀dẹ̀: ilé ìwẹ̀, yàrá èmi àti ọkọ mi, àti yàrá ẹrù ní ìparí.

Lọ́jọ́ kan, ó dìde pé òun fẹ́ lọ wẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó nawọ́ síwájú láti wá ògiri, ẹ̀yìn ọkọ mi ló fọwọ́ bà, ní ìhòòhò, níbi tó ti ń wá ṣòkòtò. Ọkọ mi ké, ìyá mi náà ké. Ohun tó yẹ ká fi rẹ́rìn-ín ni. Ọkọ mi tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, nígbà tó wọṣọ tán, ó lọ dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ìyá mi, ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú, èmi ni mi ò ti ilẹ̀kùn." Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ohun tó jẹ́, kí ìyá ìyàwó fọwọ́ kan àna rẹ̀ ní ìhòòhò.

"Ojú mi kò ríran mọ́," ni ìyá mi wí fún mi, "ṣùgbọ́n ó ṣì mọ ìtìjú."

Láti ọjọ́ náà, kò jáde ní yàrá rẹ̀ mọ́. Ó ní kí n ra póò fún òun. Inú yàrá ló ti ń jẹun, ibẹ̀ ló ti ń kírun. Bí mo bá ní kó wá jókòó lọ́dọ̀ wa, á ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Mo rí i tó ń rù, ẹ̀rù sì ń bà mí pé inú yàrá yẹn ló máa kú sí, kò ní í jẹ́ ti àìsàn, ti ìtìjú ni.

Ìyá mi kò wọ ilé ìwé rí. Bàbá mi ló kọ́ ọ ní A, B, D nídìí ọjà wọn, pẹ̀lú ìwé kíkà Yorùbá kan tí èèpo rẹ̀ ti ya. Òun náà ló sì fi ìwé yẹn kọ́ mi. Mo wá rò ó pé bí lẹ́tà bá yọ síta lójú ilẹ̀kùn, ìka rẹ̀ á kà á. Mo ti rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú eyín mi: ẹyẹ, ewé, orúkọ èèyàn, tí wọ́n fi pákó gé wínníwínní. Dókítà ní òun fúnra òun lòun gé wọn. Ó fi ayùn rẹ̀ hàn mí, ayùn oníná tí irin rẹ̀ tín-ín-rín, tó ń lọ sókè tó ń bọ̀ nísàlẹ̀ bí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ní àwọn ní ẹgbẹ́ kan tó ń fi í najú lásán, tí wọ́n ń pàdé ní Sátidé, kí n máa bọ̀. Mo ní ẹ ṣé. Mo lọ ra àlòkù ayùn tó gba èbúté Tema wọlé, mo gbé e sí yàrá ẹrù, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ra.

Kí n má purọ́, mo jìyà. Ojú ayùn ń ṣẹ́ bí igi ìṣáná. Bí mo bá sì wá rí i ṣe, iná á lọ, torí ìgbà dumsor ni, tí iná ń lọ tó ń bọ̀ bó ṣe wù ú. Mo bú pákó, mo bú ayùn, mo bú ìjọba. Níkẹyìn mo gé ILE IWẸ, mo fi góòmù lẹ àwọn lẹ́tà náà mọ́ pákó gbọọrọ kan. Mi ò gé àmì ohùn sí i. Ìyẹn, ẹnu ìyá mi á fi sí i fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n àmì abẹ́ Ẹ kò ṣeé fò. Kò ju ẹ̀wà kan lọ, ó sì ń ta bọ́ sínú lẹ́búlẹ́bú pákó kí n tó rí i lẹ̀.

Mo kàn án mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀, mo fa ìyá mi lọ́wọ́ wá síbẹ̀. Ìka rẹ̀ ń rìn lórí lẹ́tà, ètè rẹ̀ ń mì. Ó kà á dópin, ó dúró.

"Ilé ìwé?" ló wí.

Mo wolẹ̀. Àmì abẹ́ Ẹ ti já, ó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Torí mo ṣi ilẹ̀kùn ṣí lẹ́ẹ̀kan, o wá fẹ́ fi mí sílé ìwé lọ́jọ́ ogbó mi?"

"Màámi, àmì ló já, ilé ìwẹ̀ ni mo..."

"Mo ti gbọ́. Mú mi padà."

Mo mú un padà. Mo wọ yàrá ẹrù, mo sunkún, inú bí mi débi pé díẹ̀ ló kù kí n fọ́ ayùn náà. Nígbà tó di Sátidé, mo wọ trotro lọ bá àwọn ẹlẹ́gbẹ́.

Gáréèjì dókítà ni wọ́n ti ń pàdé, torí ó ní jẹnẹrétọ̀. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, àti ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Tema, àti àwọn díẹ̀ mìíràn. Kò sẹ́ni tó fi àdúrà bẹ̀rẹ̀. "Ayekoo" ni wọ́n ń fi kí ẹni tó bá wọlé, bí àwa ṣe ń sọ pé ẹ kú iṣẹ́. Èrò mi ni pé màá béèrè ọ̀rọ̀ àmì, màá sì máa lọ. Ìgbà tí mo lanu, gbogbo rẹ̀ ló dà sílẹ̀: ìyá mi, àna, póò. Ojú tì mí gan-an. Kò sí èyí tó rẹ́rìn-ín nínú wọn. Tíṣà náà ní bàbá òun ti ara rẹ̀ mọ́lé bẹ́ẹ̀ rí, ó sì fa àga fún mi.

"Ẹ̀yin Alátà," ni dókítà wí, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, "kí lẹ tún ń wá lọ sábẹ́ lẹ́tà? Ẹ gé Ɛ bíi tiwa dípò Ẹ, kò ní nǹkan tó máa já."

Mo gbaná jẹ. Mo ní ìyá mi ò mọ Ɛ, mi ò sì wá tọrọ lẹ́tà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. "Kafra, Anti, kafra," ló ń fi bẹ̀ mí, ẹ̀rín ń pa á. Ọkùnrin Tema mú bírò.

"Ẹ má gé e lọ́tọ̀," ló ní. "Nǹkan tó kéré tó báyìí kò lè dá dúró. Ẹ jẹ́ kó di ẹsẹ̀ lẹ́tà mú."

Ó fa ìlà kékeré kan wá sísàlẹ̀ láti ìdí Ẹ, kí lẹ́tà àti àmì lè jẹ́ ẹyọ pákó kan. Tíṣà gbá ọwọ́ mi mú lórí pákó. "Ò ń bá a jà," ló ní. "Rọra, jẹ́ kí ayùn jẹ ẹ́." Mo gé e lójú gbogbo wọn. Ojú ayùn ṣẹ́, ẹnì kan sì ti na òmíràn sí mi kí n tó bú u tán.

Ìyá mi kò fẹ́ dìde. Ọkọ mi ló bẹ̀ ẹ́ láti ẹnu ọ̀nà, ó bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbà tí ìka rẹ̀ dé orí Ẹ, ó bá ìlà náà sọ̀ kalẹ̀, ó tún bá a gòkè.

"Bó ṣe wà nínú ìwé bàbá ẹ nìyí," ló ní. "Ìlà ló ń wà lábẹ́ rẹ̀. Ilé ìwẹ̀."

Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó wọlé, ó tì í mọ́ mi lójú. Mo dúró síbẹ̀ tí mo ń gbọ́ bí omi ṣe ń dà, inú mi dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ọkọ mi ní kí n gé tòun náà. Mo gé ANA, mo kàn án mọ́ ilẹ̀kùn yàrá wa. Nígbà tí ìyá mi kà á, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Mo ní kí n sọ pákó àkọ́kọ́ yẹn nù, ó ní rárá.

"Kàn án mọ́ ibi tó o ti ń pariwo yẹn," ló ní. "Ṣebí ibẹ̀ lo ti ń kẹ́kọ̀ọ́."

Mo kàn án mọ́ ilẹ̀kùn yàrá ẹrù. Ṣùgbọ́n ìyá mi kì í kọjá ilé ìwẹ̀. Bó bá ti wẹ̀ tán, yàrá rẹ̀ ló ń padà sí, bó bá sì kàn mí kí ẹgbẹ́ wá ṣèpàdé lọ́dọ̀ mi, á ti ilẹ̀kùn mọ́ra.

Ní Sátidé kan tí gbogbo wa há mọ́ yàrá ẹrù, iná lọ. Ayùn dákẹ́, oníkálùkù mú sáńpépà, a ń fi ọwọ́ họ pákó. Mo wá gbọ́ tí ọwọ́ kan ń fa ara rẹ̀ bọ̀ lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó kọjá ilé ìwẹ̀. Ó sáré kọjá ANA. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ìka ń rìn lórí lẹ́tà, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, títí dé E ìkẹyìn tí kò ní àmì lábẹ́.

Ilẹ̀kùn ṣí. "Ayekoo, Màámà!" ni wọ́n pariwo.

"Yaa ei," ni ìyá mi dá wọn lóhùn. Ó fi ọwọ́ kan di férémù ilẹ̀kùn mú, ó fi ìkejì tún gèlè rẹ̀ ṣe.

"Mi ò wọ ilé ìwé rí o," ló ní. "Níbo ni kí n jókòó sí?"