Olùgbọ́ Kan Láti Emùré

Yàrá kan ni wọ́n kọ́ sábẹ́ ibi tí àwọn òǹwòran ń jókòó sí ní pápá ìṣeré Ìkẹ́rẹ́, wọ́n kùn ún lọ́dà funfun, wọ́n sì sọ ọ́ ní Gbọ̀ngàn Ọlá. Bí èèyàn mẹ́wàá bá fẹ́ wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró síta. Síbẹ̀, láti ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ pápá náà ti kéde pé àwòrán àwọn eléré ìdárayá tó gbé ìhà gúúsù Èkìtì lárugẹ ni àwọn yóò gbé kọ́ síbẹ̀, kò sí ẹni tó tún jẹ́ kí n sinmi. Èmi ni mo ń sọ̀rọ̀ eré ìdárayá lórí rédíò wa ní Adó ní gbogbo àárọ̀ Sátidé. Ìgbìmọ̀ ní kí n jẹ́ kí àwọn olùgbọ́ dárúkọ ẹni tí wọ́n bá fẹ́, kí èmi náà sọ tèmi, àwọn yóò sì mú láti ibẹ̀.

Èrò mi kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́ pé olóṣèlú tó ra jẹsí fún agbábọ́ọ̀lù kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù. Kí wọ́n bá a wá ògiri mìíràn. Mo ní ẹni tó lọ sókè òkun fún sáà kan, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí sáà náà fi parí, àwòrán tó yà nínú yìnyín kò tó kó fi gba ipò lọ́wọ́ obìnrin Ìgbàrà-Odò tó ń sáré láìwọ bàtà, tó sì ń fi àwọn tó wọ bàtà sẹ́yìn. Mo ní rẹfirí náà yẹ lẹ́ni à ń bọlá fún, pàápàá èyí tó fún àlejò ní pẹnárítì nílùú Ìlawẹ̀, tó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kúrò níbẹ̀. Àwọn kan bú mi, àwọn kan kan sáárá sí mi. Mo gbádùn méjèèjì.

Ohun tó ń bí mi nínú ni ọ̀rọ̀ ẹbí. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ọkùnrin kan pè, ó dárúkọ àbúrò ìyàwó rẹ̀. Obìnrin kan dárúkọ ọmọ rẹ̀ tí kò tíì jáde ilé ẹ̀kọ́ girama. Ẹnì kan tiẹ̀ dárúkọ ara rẹ̀, ó ní òun kò fẹ́ yọ àwọn èèyàn lẹ́nu. Mo ṣòfin lójú ẹsẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹbí rẹ̀ lórí ètò mi mọ́, àti pé òfin náà mú èmi alára. Mo mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ mú nílé wa.

Àbúrò mi ni, àbígbẹ̀yìn ìyá wa. Kí n má purọ́, mi ò tíì rí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ òsì gbá bọ́ọ̀lù bíi tirẹ̀ láti Ìkẹ́rẹ́ dé Emùré, mo sì ti wo bọ́ọ̀lù débi tí ojú fi ń ro mí. Lọ́dún tí ẹgbẹ́ ńlá kan ní Adó fẹ́ mú un, ìlú wa lọ bá Ìsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù nílé wọn. Òmìrán ọkùnrin kan ló ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún Ìsẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í rí i gbà kọjá. Òun ló wọlé sí àbúrò mi lẹ́sẹ̀. A gbọ́ ìró egungun náà láti ibi tí a dúró sí. Wọ́n tò ó, ó jinná, ṣùgbọ́n kò tọ́. Àbúrò mi ń tiro títí dòní, ó sì kó lọ sí oko kòkó àwọn ẹbí ìyá wa ní Emùré. Láti ìgbà náà, ìyá wa kò lè gbọ́ orúkọ ọkùnrin Ìsẹ̀ yẹn kó má pòṣé.

Ìyá ti darúgbó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e jìnnà mọ́, rédíò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ ló fi ń mọ ohun tó ń lọ láyé. Kò bèèrè aṣọ lọ́wọ́ mi, kò bèèrè oògùn. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́: kí òun gbọ́ orúkọ ọmọ òun láàárín àwọn tí wọ́n ń bọlá fún, kí òun tó kú. Mo ṣàlàyé òfin fún un. Ó bi mí pé ta ló ṣe é. Mo ní èmi ni. Ó rán mi létí pé ọmọ ẹni kì í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí á fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíì.

"Kó bá jẹ́ ọmọ ulé ẹlòmíì ni," ó ní, "o bá ti sọ ọ́."

Òótọ́ ni, ó sì dùn mí. Mo rò pé àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ yóò dárúkọ rẹ̀ láìjẹ́ pé mo dá sí i. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀. Ìgbà tí mo fọgbọ́n wádìí lọ́wọ́ kọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan ni mo tó mọ ohun tó fà á. Ó ní ta ló fẹ́ kí n dójú ti òun lórí rédíò pé torí àtirí ojú rere mi ni òun ṣe ń pọ́n ọmọ ìyá mi lé? Àṣé èmi ni mo dí i lọ́nà, èmi tí mo mọ iṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ju gbogbo wọn lọ. Mo rò ó pé kí n bẹ ọ̀rẹ́ kan kó pè. Ojú tì mí. Oúnjẹ kò wọ̀ mí lẹ́nu dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn, mo sì ń jágbe mọ́ àwọn ará ilé láìnídìí.

Ní Sátidé tí a fẹ́ fi kásẹ̀ gbogbo rẹ̀ nílẹ̀, ìpè kan wọlé láti Emùré. Kí ó tó kí mi tán ni mo ti mọ ohùn rẹ̀. Àbúrò mi kò pe ètò mi rí. Ẹ̀rù bà mí pé òun náà fẹ́ dárúkọ ara rẹ̀, ọwọ́ mi sì ti wà lórí bọ́tìnnì tí mo fi ń gé ìpè. Ó kí mi kú iṣẹ́, ó pè mí ní ọ̀gá sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló dárúkọ ọkùnrin Ìsẹ̀.

Ó rọra ń sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ti rò ó pẹ́ nídìí igi kòkó. Ó ní àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ ń pe ọkùnrin náà ní ìkà, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀ pé ọkùnrin yìí ló pọn ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá kúrò lórí pápá, tó sì ń wá wò ó nílé ẹni tó ń to egungun, tó ń sunkún níbẹ̀. Wọn kò mọ̀ pé láti ọjọ́ náà ọkùnrin yìí kò fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù mọ́. Èèyàn méjì ni kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ó ní, ọ̀kan ṣoṣo ni ìlú ń káàánú. Kí ọjọ́ náà tó dé, ta ló gbà á kọjá rí? Òun gbìyànjú rẹ̀, òun kò lè.

Mo bi í ní ìbéèrè tí mò ń bi gbogbo wọn: ṣé ẹbí rẹ̀ ni?

"Rárá, sà. Mi ò ní ẹbí kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí."

Mo bi í pé orúkọ ta ni kí n kọ. Ó ní kí n ṣáà kọ ọ́ pé olùgbọ́ kan láti Emùré. Mo ní a dúpẹ́ lọ́wọ́ olùgbọ́ wa, bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn, mo sì fi ìpolówó ọṣẹ sí i.

Gbogbo àwọn tó pè lẹ́yìn rẹ̀ ló gbè é lẹ́sẹ̀. Orúkọ ọkùnrin Ìsẹ̀ wọ Gbọ̀ngàn Ọlá. Mo gbà pé ó tọ́ sí i. N ó sọ ọ́ níbikíbi. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wa ọkọ̀ bọ̀ láti Adó lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ńṣe ni mo ń bá ara mi jà. Mo pe fóònù àbúrò mi, kò gbé e. Mo sọ fún ara mi pé ó ti wọ oko.

Ìyá wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo dé. Ó ti pa rédíò. Mo dọ̀bálẹ̀, ó kí mi káàbọ̀, ó bèèrè ọ̀nà, ó bèèrè àwọn ọmọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé òfin ni òfin, pé bí mo bá rú u, ẹnikẹ́ni kò ní í gba ohun tí mo bá sọ gbọ́ mọ́. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Mo gbọ́ ohùn ọmọ mi lórí rédíò lónìí," ó ní. "Ó sọ̀rọ̀ bí ọmọ tí mo bí. Mo ti dárí ji ará Ìsẹ̀ yẹn, nítorí tirẹ̀. Mo wá ń retí kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá a lóhùn, mi ò gbọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àbí rédíò mi ló bàjẹ́ ni?"