Ẹ̀gbọ́n Kàmọ́rù Ò Tíì Jáde

Bí ẹ bá fẹ́, ẹ pè mí ní òpùrọ́. Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i. N kò mu nǹkan kan, oorun ò kùn mí, ọ̀sán gangan sì ni.

Èmi ni mò ń tọ́jú kọ̀ǹpútà nílé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń hun aṣọ ní Ìsọlọ̀. Lọ́jọ́ Sunday yẹn, mò ń kó dátábéèsì wa, àkójọ gbogbo àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ náà, kúrò lórí ẹ̀rọ àtijọ́ lọ sórí tuntun. Èmi àti Bàbá Sàkírà tó ń ṣọ́ géètì nìkan la wà nínú ọgbà.

Ohun kan wà nínú dátábéèsì tí à ń pè ní fíù. Fíù ò tọ́jú nǹkan kan, fèrèsé lásán ni. Inú tábìlì, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà, ni orúkọ wà; fèrèsé kàn ń jẹ́ kí ẹ rí ohun tó wà níbẹ̀ báyìí ni. Fíù wa yìí ń fi ẹni tó ti fi káàdì wọlé tí kò tíì fi í jáde hàn, kí a lè mọ ẹni tó kù nínú ilé bí iná bá ṣẹ́ yọ.

Mo ṣí i. Orúkọ mẹ́ta ló jáde: èmi, Bàbá Sàkírà, àti Ẹ̀gbọ́n Kàmọ́rù.

Ẹ gbà mí gbọ́, mo tún un kà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀gbọ́n Kàmọ́rù tó ń tún ẹ̀rọ ìhunṣọ ṣe ṣubú lẹ́nu iṣẹ́ nígbà ààwẹ̀ tó kọjá, ó sì kú. Ọ̀nà ẹ̀yìn la gbé e gbà jáde. Ta ló fẹ́ rántí káàdì lọ́jọ́ yẹn?

Ọ̀gá wa sì ti pàṣẹ pé kí n sọ gbogbo fíù di tábìlì bó ṣe wà gẹ́lẹ́, kó lè rọrùn fún òun láti ṣí. Ó dà bí ìgbà téèyàn ya fọ́tò: ohun yòówù kó yí padà lẹ́yìn náà, fọ́tò ò ní mọ̀. Mo ṣe bó ṣe wí. Mo pa gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀rọ àtijọ́ rẹ́ pátápátá.

Ni òórùn gíríìsì bá gba gbogbo ọ́fíìsì.

"Àbúrò," ẹnì kan sọ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn mi, "o ti tìlẹ̀kùn mọ́ mi."

Mo yíjú. Òun ni, nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́.

"Jọ̀ọ́, jẹ́ n máa lọ sílé."

Mo kọ ọ́ sínú tábìlì àkọ́kọ́ pé ó ti jáde, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ò kúrò nínú tuntun tó dà bí fọ́tò yẹn. Mo pa orúkọ náà rẹ́, ó padà wá. Mo tún pa á rẹ́, ó tún padà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Agbára mi ò ká a mọ́." Mo ń sunkún bí ọmọdé. Ó gba ọ̀nà géètì lọ.

Látọjọ́ náà, bí a bá ń tò jáde nírọ̀lẹ́, ó máa ń wà lẹ́yìn ìlà. Èmi àti Bàbá Sàkírà, tí orúkọ wa jọ wà nínú fọ́tò yẹn, nìkan là ń rí i. Á fi káàdì kan ẹ̀rọ ẹnu géètì, ilẹ̀kùn ò ní ṣí. Lánàá, ó bi Bàbá Sàkírà bóyá Ìyá Àwáwù, ìyàwó òun, ṣì ń gbé oúnjẹ òun sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ mi, mo bẹ̀ yín. Kí ẹ tó sọ fíù kankan di tábìlì, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí gbogbo èèyàn lọ sílé.