Ògùrọ̀ Bàbá Mi Lẹ́nu Ọgbà Fadá

Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá ṣí bíà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí òórùn rẹ̀ ta sí mi nímú, inú a bí mi.

Ọjọ́ ìkórè ni. Fadá wa l'Ókìtìpupa, òyìnbó Jámánì, ní ká ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é nílùú òun: bíà, orin, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n kì sínú ìfun. Bàbá mi di akèrègbè ògùrọ̀ tó dá láàárọ̀ náà mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Láti Ìkọ̀yà ni oyin ti ń tẹ̀ lé wa.

Katikíìsì, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, dá wa dúró lẹ́nu géètì.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ọtí oko wọ ọgbà Ọlọ́run.”

Páálí bíà ga dé èjìká rẹ̀ lẹ́yìn.

“Kí wá nìyẹn?” ni mo pariwo.

Bàbá fa etí mi. “Panu mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni.”

Abẹ́ igi máńgòrò níta la jókòó sí. Èéfín ẹran ń fẹ́ lù wá, bàbá mi ń bá wọn gbe orin láti ibẹ̀.

Nígbà tí bíà tán, katikíìsì jáde, ife lọ́wọ́, ẹ̀rín lẹ́nu.

“Bàbá, ògùrọ̀ yẹn dà?”

Bàbá mi sì bù fún un! Ó tilẹ̀ bá a fẹ́ ìfófòó kúrò lójú ife.

Ẹ̀yìn ikú bàbá mi ni ìyá mi tó sọ fún mi pé fadá fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé ògùrọ̀ náà wá.

Bàbá kò sọ ọ́ lẹ́nu géètì, kí ojú má baà ti ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ojú ì bá kúkú tì í!