Ọjọ́bọ̀ Tí Mo Wà Ní Ìbàdàn

Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń lé oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìsìn. Pásítọ̀ ìjọ kékeré kan ní Igbó-Ọrà ni mí, Ìbàdàn sì ni sẹ́mínárì wa wà. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ mi. Bí àlùfáà ṣe ń dúró ti ẹni tó ń kú lọ ni mò ń ṣèwádìí lé lórí. Mo ti kàwé títí ojú fi ń ta mí. Orí kẹrin nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọ̀jọ̀gbọ́n kọ́kọ́ dá a padà, ohun kan náà ló sì máa ń kọ sí i: "Ìwàásù lèyí, kì í ṣe ìwádìí."

Bàbá kan wà nínú ìjọ wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì. Òun ló gbà mí sílé nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú, tí ilé pásítọ̀ ò tíì ní òrùlé. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni mò ń lọ wò ó. Ní Ọjọ́rú kan, ó di ọwọ́ mi mú.

"Pásítọ̀, ẹ má lọ lọ́la."

Mo ní, "Bàbá, mi ò ní pẹ́. Ọ̀sán ni n ó ti dé."

Ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀.

Láti aago mẹ́sàn-án ni mo ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ọ́fíìsì ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó wà ní ìpàdé. Fóònù mi ti kú, torí a ò níná láti ọjọ́ méjì. Aago mẹ́ta kọjá kó tó pè mí wọlé. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó tún dá orí kẹrin padà fún mi.

Nígbà tí bọ́ọ̀sì dúró ní Èrúwà, obìnrin ìjọ wa kan wọlé, ó jókòó tì mí.

Ó ní, "Ẹ kú ìrọ́jú, sà. A ti ń pè yín láti àárọ̀. Bàbá ti sinmi."

Ilé bàbá ni mo gbà lọ tààrà. Àbúrò rẹ̀ tó ń ṣàgbẹ̀ ní Tápà, tó jẹ́ Mùsùlùmí, ló jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

Ó ní, "Wọ́n béèrè yín lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí wọn ò rí yín, wọ́n ní kí n ka Sáàmù fún àwọn. Mo ní, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ̀ pé Mùsùlùmí ni mí. Wọ́n ní àwọn mọ̀, kí n ṣáà kà á. Ibi tí mo ti ń kà á ni wọ́n sùn lọ."

Kò bá mi wí rárá. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. A sin bàbá ní ọjọ́ kẹta, èmi ni mo wàásù, àmọ́ mi ò rántí ohun tí mo sọ.

Nígbà tí mo ròyìn fún ọ̀jọ̀gbọ́n, ó yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Orí kẹrin rẹ nìyẹn. Lọ kọ ọ́."

Ó tó oṣù mẹ́ta tí mi ò lè fọwọ́ kan ìwé. Nígbà tó yá, mo lọ gbàṣẹ lọ́wọ́ àbúrò bàbá láti kọ ọ́, ní oko rẹ̀ ní Tápà. Ebè ló ń kọ. Ó gbé ọkọ́ ti igi kan.

"Ẹ kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sí i pé mo ṣi àwọn ọ̀rọ̀ kan kà. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń tún un ṣe fún mi, bí wọ́n ṣe dùbúlẹ̀ yẹn."

Mo kọ ìyẹn náà sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀jọ̀gbọ́n gbà á. Mo rò pé inú mi á dùn, àmọ́ oorun ni mo lọ sùn.

Orí méjì ló kù báyìí. Mo ti sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n pé bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣàìsàn gidi nínú ìjọ, mi ò ní wá. Ó ní ìyẹn yóò fi ọdún kan kún iṣẹ́ mi. Mo ní mo mọ̀, sà. Ó sì ti ń pẹ́ sí i lóòótọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbẹ́ màmá kan tí apá kan ara rẹ̀ ti rọ ni mo jókòó sí ní Ọjọ́bọ̀, títí oúnjẹ ọ̀sán fi jinná.