Ìrọ̀rí Abẹ́ Orúnkún

Ológbò ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n mi níbi iṣẹ́, nítorí bó ṣe ń rìn lórí igi àjà. Kápẹ́ńtà òrùlé ni. Nílẹ̀, ọ̀lẹ paraku ni, kì í gbé ife tó fi mu omi kúrò níwájú rẹ̀. Tó bá ti dókè, ara rẹ̀ á yá gágá.

Ọjọ́ tó já bọ́, orí ló kó o yọ, àmọ́ orúnkún ò bá a yọ. Nínú iṣan mẹ́rin tó so eegun itan mọ́ ojúgun, mẹ́ta já. Dókítà eegun ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó fi iṣan míì rọ́pò wọn, ó sì fi irin de ẹsẹ̀ náà kí ó lè wà ní nínà.

"Ṣé n ó tún gun òrùlé?" Ohun tó ń bi gbogbo ẹni tó bá wọlé nìyẹn.

Ilé ni nǹkan ti wọ́. Ìyàwó wa ò lè fara da ìrora ọkọ rẹ̀. Tí ọkọ bá ti kérora, á tú irin náà, á ki ìrọ̀rí bọ abẹ́ orúnkún. Orúnkún á ká, ara á tu ọkọ, á sùn. Gbogbo wa là ń yìn ín.

Nígbà tí a padà sí ọsibítù, obìnrin tó ń kọ́ aláìsàn ní ìrìn gbé ẹsẹ̀ náà sórí tábìlì. Kò nà mọ́.

"Ta ló ń fi ìrọ̀rí sí i?"

Ìyàwó wa wolẹ̀. Obìnrin náà fà á sí kọ̀rọ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́. Nígbà tí wọ́n padà dé, obìnrin náà ní ọwọ́ tó jẹ́ kó ká náà ni kó nà án: kí ìyàwó gbé gìgísẹ̀ ọkọ lé àpótí láràárọ̀ lálaalẹ́, kó sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ orúnkún náà mọ́lẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi á ké, á bú u, á ní ṣé ó fẹ́ di opó ni. Inú bí mi. Mo ní kí ìyàwó wa yẹ̀ kí n bá a tẹ̀ ẹ́, kò gbà. Omi ojú ń kán sórí ẹsẹ̀ ọkọ, ọwọ́ rẹ̀ ò sì kúrò níbẹ̀. À ń sunkún, à ń ríran.

Nígbà tí a tún padà sí ọsibítù, ẹsẹ̀ ti nà. Obìnrin ọsibítù ò rí ibi tí ìka lè gbà wọ abẹ́ orúnkún náà mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín.

"Òrùlé ńkọ́?"

"Ẹ máa rìn dáadáa. Òrùlé, rárá. Mo ti sọ fún ìyàwó yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́."

Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "O mọ̀?"

"Mo mọ̀, Bàbá Ìbejì. Tí mo bá sọ fún yín, ṣé ẹ máa jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí ògiri. Ó sunkún. Nígbà tó ṣe, ó na ọwọ́ sí ìyàwó rẹ̀, ó dìde, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn lọ sílé.