Iyọ̀ Ara Rábì

Láàárọ̀ ọyẹ́, ahọ́n ewúrẹ́ ni ó máa ń jí mi. Kì í ṣe èmi ni wọ́n ń lá. Ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ni, níbi tí àpò iyọ̀ ìyá wa máa ń fara tì. Ahọ́n wọn le, ó ń ha amọ̀ náà bí ìgbà tí ènìyàn ń fi kànìnkànìn fọ ìdí ìkòkò. Òórùn ewé efinrin tí ó ń hó lórí ààrò yóò tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni ikọ́ Rábì àbúrò mi yóò bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ti gbọ́ ikọ́ náà, mo mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ ní agboolé wa ní Ọ̀yọ́.

Ìyá wa ń ta iyọ̀ ní ọjà Akẹ̀sán. Ìyá Oníyọ̀ ni gbogbo ọjà ń pè wọ́n. Bàbá wa ń ran awọ: àpò, bàtà, àti àwọn tìmùtìmù aláràbarà tí a máa ń ki òwú sínú wọn láti jókòó lé. Iyọ̀ wà lára gbogbo wa, lára aṣọ wa, nínú irun wa, lábẹ́ èékánná wa. Ìyá wa ní òwe kan tí wọ́n máa ń pa fún ẹnikẹ́ni tó bá ń fọ́nnu nínú wa: "Iyọ̀ kì í pariwo nínú ọbẹ̀. Ahọ́n ló ń wá a rí."

Ti Rábì yàtọ̀. Nígbà tí ó wà ní ìkókó, tí imú rẹ̀ dí, ìyá bàbá wa fi ẹnu fa ikun náà jáde, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá àgbà ti ń ṣe. Wọ́n tu ú sílẹ̀, wọ́n nu ètè wọn, wọ́n tún fi ahọ́n kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà.

"Ọmọ yìí mà níyọ̀ lára o," ni wọ́n wí. "Àfi bíi pé ẹ bù ú sọ́bẹ̀."

Ìyá wa bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, Ìyá. Ẹ̀yìn oníyọ̀ ló ń sùn látàárọ̀. Àbí ẹ rò pé ọmọ aláṣọ ni?"

Gbogbo obìnrin agboolé rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀.

Bí Rábì ṣe ń dàgbà, bí oòrùn bá mú tí òógùn rẹ̀ sì gbẹ, ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń kù sí iwájú orí rẹ̀. Àwọn ewúrẹ́ a fi ògiri sílẹ̀, wọn a máa tẹ̀lé e kiri, wọn a máa lá apá rẹ̀. Òun náà a máa rẹ́rìn-ín títí ikọ́ yóò fi gbà á. Iṣẹ́ tèmi ni láti lé wọn. Ní ọjọ́ kan, Súlè, ọmọ ilé kejì nínú agboolé wa, ní ojo ni mí, pé n kò lè lá ohun tí ewúrẹ́ ń lá. Mo lá apá àbúrò mi. Iyọ̀ náà mú mi lẹ́nu. Mo tutọ́, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín, a sì sáré lọ sídìí igi ìṣin.

Ikọ́ náà ni kò pani lẹ́rìn-ín. Kì í lọ. Bí ọyẹ́ bá dé, á le sí i. Bí òjò bá dé, á ṣì wà níbẹ̀. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ki bí oje igi, nígbà mìíràn a sì ní àwọ̀ ewé. Rábì ń jẹun ju èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, síbẹ̀ egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà. Wọ́n ní aràn ni, wọ́n fún un ní oògùn aràn. Báyìí ni ó ṣe di ọmọ ilé ìwé.

Nígbà náà, gbogbo àwa ọmọdé agboolé ń jẹun nínú abọ́ tánganran ńlá kan. A ó yí i ká, ọwọ́ á máa gbá ọwọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá Súlè gbé abọ́ kékeré kan wá, wọ́n sì gbé e síwájú Rábì nìkan.

"Ẹ má bínú o, Ìyá Oníyọ̀," ni wọ́n wí, wọn kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Ikọ́ ife nìyẹn. Ó ń ranni. Ọmọ kan ṣoṣo lèmi ní."

Rábì wo abọ́ kékeré náà, ó wo tiwa. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, kò sì jẹun, òun tí kì í fi oúnjẹ ṣeré. Ìyá wa kò lè bá wọn jà, nítorí ikọ́ ife ń pa ènìyàn lóòótọ́, kò sì sí ẹni tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé irọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ òun ni, Rábì ti di ẹni tí yóò máa dá jẹun, tí yóò máa dá sùn, tí wọn kò ní gbà ní ilé ìwé mọ́.

Bàbá wa fi abẹ́rẹ́ awọ sílẹ̀. "A kì í fi iná sórí òrùlé sùn," ni wọ́n wí. "Mo ń gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́."

Ilé ìwòsàn kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà náà tí àwọn òyìnbó oníwàásù ń bójú tó. Mùsùlùmí ni wá, ẹ̀rù sì ń ba ìyá bàbá wa pé wọn yóò sọ ọmọ náà di onígbàgbọ́.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ di alára líle ná, Ìyá," ni Bàbá wa fi dá wọn lóhùn.

Èmi àti ìyá wa bá wọn lọ, lórí àpò èlùbọ́ nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Dókítà gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Rábì sínú ìgò, wọ́n ní kí a dúró. Nígbà tí àbájáde dé, kì í ṣe ikọ́ ife. Kòkòrò mìíràn ni ó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, irú èyí tí kì í ṣe ẹni tí ara rẹ̀ le ní nǹkan kan. Ohun tí ó jẹ́ kí kòkòrò náà ríbi dúró sí ni wọn kò mọ̀. Dókítà bi wá ní ìbéèrè púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó dárúkọ iyọ̀. Kí ni à bá sọ? Ọmọ oníyọ̀ ni.

Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì sì kọ́ ìyá wa bí a ti ń mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde: kí ọmọ dojú bolẹ̀, kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ìdí lọ, kí a ká àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni tó fẹ́ bu omi, kí a sì máa gbá a lẹ́yìn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Nígbà tí a délé, Bàbá wa dúró ní àárín agboolé. "Kì í ṣe ikọ́ ife o! Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀." Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì dá abọ́ kékeré náà padà fún ìyá Súlè. Ìyá Súlè gbà á, wọ́n ní "Alihamudulilai," ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà wọ́n sì fi ẹran tiwọn kún abọ́ ńlá. Rábì ti jẹ ẹran náà tán kí Súlè tó na ọwọ́.

Bàbá wa wá ran tìmùtìmù kan tí ó ga ju ti ọjà lọ, tí ó sì dà gẹ̀rẹ́ sí apá kan. Orí rẹ̀ ni Rábì ń dojú bolẹ̀ sí láràárọ̀. Ìró ọwọ́ ìyá wa a máa dé ojú ọ̀nà.

"Ìyá Oníyọ̀! Kí lọmọ ṣe tí ẹ fi ń lù ú láàárọ̀ kùtù yìí?" ni àwọn tó ń kọjá lọ máa ń bèèrè.

Rábì ló máa ń dáhùn, pẹ̀lú orí nílẹ̀: "Wọn ò lù mí o! Àpò iyọ̀ ni mí, wọ́n ń gbọn ìyókù jáde ni!"

Báyìí ni ó ṣe bá wa gbé fún ọdún díẹ̀ sí i. Abẹ́rẹ́ á lé kòkòrò náà, ara á tù ú, kòkòrò á tún padà. Ó kú nínú ọyẹ́ kan, kí ó tó jáde ìwé mẹ́fà. Àwọn tó wá kí wa ń sọ pé a rí ti àìsàn ṣe, a kò rí ti ọlọ́jọ́ ṣe. Ó pẹ́ kí ìyá wa tó padà sí ìsọ̀. Àwọn ewúrẹ́ ń lá ògiri.

Mo lọ sí yunifásítì, mo kọ́ nípa ìtàn, mo ṣe iṣẹ́ olùkọ́, mo fẹ̀yìn tì. Ọ̀dọ̀ ọmọ mi ọkùnrin ni mo ń gbé báyìí ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò jìnnà sí Sábó. Báǹkì ni ìyàwó rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan láìpẹ́ yìí. Ọmọ náà ń wúkọ́. Wọ́n ní eruku ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo gbé e mọ́ àyà títí ó fi sùn, iwájú orí rẹ̀ sì kan ètè mi.

Mo jókòó.

"Ta ló ń ta iyọ̀ nílé yìí?" ni mo bi wọ́n.

Ọmọ mi wo ìyàwó rẹ̀. "Bàbá, kò sẹ́ni tó ń ta iyọ̀ níbí o. Ṣé kò rẹ̀ yín?"

"Kò rẹ̀ mí. Ẹ tọ́ ọmọ yín wò."

Ìyàwó rẹ̀ fi ètè kan ọmọ náà. "Òógùn ni, Bàbá. Wọn ò mú iná wá látàárọ̀, ooru sì ń mú."

"Ìwọ náà ń làágùn. Lá apá tìrẹ wò, kí o tún lá ti ọmọ."

Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lọ mú báàgì rẹ̀.

Ìbàdàn ni wọ́n ti gba òógùn ọmọ náà, tí wọ́n sì wọn iyọ̀ inú rẹ̀. Dókítà tó gbà wá, ọmọdébìnrin kan tí ó lè jẹ́ ọmọ mi, ṣàlàyé fún wa pé iyọ̀ náà pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, pé àìsàn kan ni, ọ̀dọ̀ àti bàbá àti ìyá ni ọmọ sì ti ń jogún rẹ̀. Òun ni ó ń sọ òógùn di iyọ̀, òun náà ni ó ń jẹ́ kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ki. Inú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ki yẹn ni kòkòrò ń kọ́lé sí, tí ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

"Àìsàn àwọn òyìnbó la máa ń pè é tẹ́lẹ̀, Bàbá," ó wí. "A kì í wá a lára àwọn ọmọ tiwa. Ẹ ṣeun tí ẹ tètè mú un wá. A ó máa lé kòkòrò náà kí ó tó ríbi jókòó sí."

Kò sọ pé yóò lọ pátápátá. N kò sì bèèrè. Àwọn ewúrẹ́ ni mo ń rò. Nínú gbogbo agboolé wa, àwọn nìkan ni kò mọ ohun tí ìyá Rábì ń tà.

Tìmùtìmù Bàbá wa ṣì wà lọ́wọ́ mi. Awọ rẹ̀ ti sán, a ti fi fóòmù rọ́pò òwú inú rẹ̀. Àwọn dókítà ìsinsìnyí kò fẹ́ kí orí ìkókó rẹlẹ̀, nítorí náà a yí i padà, apá gíga ni orí ń wà. Ìyá ọmọ náà ń gbá a lẹ́yìn láràárọ̀ kí ó tó lọ síbi iṣẹ́, èmi ń di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ọmọdékùnrin tí mo jẹ́ nígbà náà, tí ó ń lé ewúrẹ́, yára ju mí lọ, ó sì mọ ẹ̀rín rín ju mí lọ. Ahọ́n kan náà ni àwa méjèèjì ní. Òun tọ́ iyọ̀ náà wò, ó tutọ́, ó sáré lọ ṣeré. Èmi tọ́ ọ wò, mo jókòó.